Ìlà Pupa Aago Mẹ́jọ

Mo ṣì ń gbọ́ ohùn àwọn tó ń pe èrò ní Gáréèjì Ìkòròdú láàárọ̀ ọjọ́ wọ̀nyẹn. Fèrèsé ọ́fíìsì wa kọjú sí ibi tí ọkọ̀ Ẹ̀pẹ́ ti ń gbé èrò, ariwo kan náà ló sì máa ń wọlé bá wa láti nǹkan bí aago méje títí oòrùn á fi mú: "Ẹ̀pẹ́! Ìtòìkín, Ẹ̀pẹ́! Ó ku ẹnì kan! Ẹ̀pẹ́ ku ẹnì kan!" Ọkọ̀ tó ṣófo gbáà náà, ẹnì kan ló máa ń kù ún. Àwọn tó ń kọjá lọ a máa fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ní tèmi, bí mo bá ti gbọ́ ọ, ẹsẹ̀ mi á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lábẹ́ tábìlì, nítorí pé lọ́dọ̀ wa, Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n fi ń jẹ òṣìṣẹ́ níyà.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí fóònù alágbèéká gbòde ni mò ń sọ yìí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ilé ẹ̀kọ́ gíga ní Ọ̀ṣun, mo kó ẹrù mi wá sí Ìkòròdú, mo gba yàrá kan lẹ́yìn ibùdókọ̀ Agric, mo sì rí iṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ kan tó ń ta ilẹ̀, tó tún ń bá àwọn tó ra ilẹ̀ sáré ìwé. Fáìlì ni wọ́n ní kí n máa tọ́jú. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbà mí, mo sáré lọ sọ́dọ̀ obìnrin tó ń fi fóònù ṣòwò lábẹ́ agboòrùn, mo pe ìyá mi, mo ní kí wọ́n bá mi dúpẹ́, ọmọ wọn ti di òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì. Mo ra bàtà gogoro méjì, dúdú kan, búráùn kan. Èrò mi ni pé ọ́fíìsì jẹ́ ibi tí ènìyàn ti ń jókòó jẹ́jẹ́, tí fáànù ń fẹ́ sí i lórí. Fáànù wà lóòótọ́. Apá méjì ló kù lára rẹ̀ nínú mẹ́ta, bó bá ń yí, gbogbo wa á máa fi ojú kan ṣọ́ ọ kó má baà já lé wa lórí.

Ọ̀gá tó ni ilé iṣẹ́ náà máa ń rẹ́rìn-ín, ó máa ń béèrè ará ilé. Ṣùgbọ́n ó lè fóònù láàárọ̀ pé kí a to fáìlì báyìí báyìí, kó dé lọ́sàn-án, kó sì pariwo pé wèrè wo ló to fáìlì báyìí. Bó bá bá ọ níwọ nìkan, á ti ilẹ̀kùn, á rẹ ohùn sílẹ̀, á ní, "Kí ni àwọn yòókù ń sọ nípa mi?" Ó bi mí, ó bi ẹni tó jókòó lọ́wọ́ ọ̀tún mi, ó bi ẹni tó jókòó lọ́wọ́ òsì. Gbogbo wa la mọ̀ pé ó ń bi gbogbo wa, kò sì sí ẹni tó mọ ohun tí ẹnì kejì rẹ̀ fi dáhùn. Bí ilẹ̀kùn bá ti dún, ọ̀rọ̀ á dá mọ́ wa lẹ́nu. A tilẹ̀ mọ bí a ṣe ń jẹ búrẹ́dì láìjẹ́ kí ọ̀rá rẹ̀ dún.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin ló ń bójú tó òṣìṣẹ́. Àǹtí Ádímìn là ń pè é. Okùn kan wà lọ́rùn rẹ̀ tó so kọ́kọ́rọ́ gbogbo ilé iṣẹ́ mọ́: ti kọ́bọ́ọ̀dù tí bébà àti báírò wà, ti ibi tí jẹnẹrétọ̀ wà, ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ báírò tuntun gbọ́dọ̀ mú èyí tó ti gbẹ wá. Ẹni tó bá fẹ́ lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró síwájú tábìlì rẹ̀ dìgbà tó bá wù ú láti gbójú sókè. Mo ti rí bàbá ọlọ́mọ mẹ́rin kan tó ń jó lójú kan níwájú tábìlì yẹn, tó ń bẹ̀bẹ̀.

Rẹ́jísítà ni baba gbogbo rẹ̀. Ìwé ńlá kan ni, ó máa ń wà lórí tábìlì kékeré lẹ́nu ọ̀nà. Bó o bá dé, wàá kọ orúkọ rẹ, wàá kọ aago tó o dé, wàá buwọ́ lù ú. Tí aago ara ògiri bá ti lu mẹ́jọ, Àǹtí Ádímìn á dìde pẹ̀lú rúlà àti báírò pupa, á fa ìlà kan láti etí ìwé dé etí ìwé. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lókè ìlà, ènìyàn ni. Ẹni tó bọ́ sábẹ́ rẹ̀, kódà kó jẹ́ pẹ̀lú ìṣẹ́jú kan, kúẹ́rì, ìwé ẹ̀sùn, á ti máa dúró dè é lórí tábìlì. Ẹni tó bá bọ́ sábẹ́ ìlà lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀ kan, Ẹ̀pẹ́ ló ń lọ.

Yàrá kan ṣoṣo ni ilé iṣẹ́ wa ní ní Ẹ̀pẹ́, níbi tí ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa jókòó láti gba orúkọ àwọn tó bá wá béèrè ilẹ̀. Wọn kì í wá púpọ̀. Wàá gba Ìtòìkín lọ láàárọ̀, wàá gbà á bọ̀ nírọ̀lẹ́, inú kòtò bọ́ sí inú kòtò, àpò ara rẹ lo sì máa fi wọkọ̀. Wọn kì í sọ ìgbà tó o máa padà fún ọ. Ohun tó burú jù nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé Ẹ̀pẹ́ kò gbà ju ẹnì kan lọ: ẹni tó wà níbẹ̀ kò ní kúrò níbẹ̀ àfi tí ẹlòmíràn nínú wa bá ṣẹ̀, tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Nígbà tí mo dé, Bùọ̀dá Sáféyọ̀, ẹni tó yẹ kó máa wọn ilẹ̀ fún wa, ló ń jókòó ti ilẹ̀kùn ní Ẹ̀pẹ́, ó sì ti lo oṣù márùn-ún. Bó bá wá sí Ìkòròdú láti mú ìwé, kò ní í kí ẹnikẹ́ni kó tó yẹ rẹ́jísítà wò. Á máa fi ìka wá orúkọ lábẹ́ ìlà pupa.

"Kò sẹ́ni tó pẹ́ lọ́sẹ̀ yìí náà?"

Ohùn rẹ̀ á dà bíi ti ẹni tí ebi ń pa. N kò bínú sí i. Ẹ̀rù ló ń bà mí, torí mo mọ̀ pé bó bá kàn mí, èmi náà á máa gbàdúrà pé kí ọkọ̀ ẹlòmíràn bàjẹ́ lójú ọ̀nà.

Ẹni tó fẹ́ràn mi jù nínú ilé náà ni obìnrin tó ń bá wa tẹ ìwé. Màmá Taipíìsì ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Ọmọ Ìkòròdú gan-an ni wọ́n, mùsùlùmí ni wọ́n, wọ́n ti lé ní àádọ́ta ọdún. Kọ̀ǹpútà kan wà lọ́dọ̀ wa, ṣùgbọ́n nítorí ojú àlejò ni Ọ̀gá ṣe gbé e síbẹ̀, aṣọ funfun ló sì wà lórí rẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́. Taipuráítà àtijọ́ ni Màmá ń lò. Wọ́n máa ń tẹ kúẹ́rì ogún pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á fi àyè sílẹ̀ fún orúkọ, nígbà mìíràn àwọn fúnra wọn ni wọ́n á kọ orúkọ ara wọn sí ọ̀kan. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, "Ó mà mọ́ o. Mo tẹ èyí dáadáa."

Ọkọ wọn ni kì í jẹ́ kí wọ́n tètè dé. Télọ̀ ni Bàbá tẹ́lẹ̀, àrùn rọpárọsẹ̀ ló dá wọn dúbúlẹ̀ ní ọdún méjì ṣáájú ìgbà náà. Wọ́n ṣì ń sọ̀rọ̀, wọ́n ṣì ń jẹun, ṣùgbọ́n wọn kì í gbà kí ẹlòmíràn wẹ̀ wọ́n. Ìyàwó wọn nìkan ni. Nítorí náà, láràárọ̀, Màmá á gbé omi kaná, wọ́n á wẹ Bàbá, wọ́n á pa wọ́n láṣọ dà, wọ́n á fún wọn ní ẹ̀kọ mu, kí wọ́n tó sáré jáde wá wá ọkọ̀. Kò sí bí aago mẹ́jọ kò ṣe ní í bá wọn lójú ọ̀nà. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n ti bọ́ sábẹ́ ìlà lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ kan náà, mo bá wọn kọ orúkọ wọn, mo buwọ́ lù ú bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é. Nígbà tó yá, ó di iṣẹ́ mi. Aago méje ni mo máa ń dé, ọlọ́dẹ á ṣílẹ̀kùn fún mi, bàtà gogoro mi á máa ró ko, ko, ko nínú ọ́fíìsì òfìfo, màá kọ orúkọ mi, màá fi ìlà díẹ̀ sílẹ̀, màá kọ tiwọn. Ìwé ni Àǹtí Ádímìn ń ṣọ́, kì í ṣọ́ ẹni tó ń wọlé. Àwa tó kù náà máa ń ṣe é fún ara wa nígbà tí ọ̀rọ̀ bá le. Nǹkan kan ṣoṣo tí a fi ọkàn tán ara wa sí nìyẹn.

Màmá kò dúpẹ́ lọ́wọ́ mi rí lójú àwọn ènìyàn. Wọ́n kàn máa ń fi ẹ̀pà bíbọ̀ sínú dúrọ́ọ̀ tábìlì mi.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù kẹjọ, òjò ń rọ̀, mo dé ní aago méje, mo kọ orúkọ wa méjèèjì. Ohun tí n kò mọ̀ ni pé Màmá ti pe Ọ̀gá lórí fóònù lálẹ́ àná, wọ́n ti gba ààyè láti gbé Bàbá lọ sí ọsibítù, Ọ̀gá sì ti ní kò burú. Kò sọ fún wa. Kò sọ fún àbúrò rẹ̀ pàápàá. Kò sí ẹni tó ń sọ ohunkóhun fún ẹnikẹ́ni nínú ilé iṣẹ́ yẹn. Aago mẹ́wàá ló wọlé, tó ń gbọn omi òjò kúrò lára, tó sọ ọ́ lásán pé Màmá Taipíìsì kò ní í wá lónìí. Àǹtí Ádímìn dìde lọ sídìí rẹ́jísítà. Mo rí i tí ìka rẹ̀ ń sọ̀kalẹ̀ lára ìwé náà, tó sì dúró lójú kan.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n kó gbogbo wa jọ. Wọ́n ní kí Màmá dìde. Àǹtí Ádímìn gbé ìwé náà dání bí ẹni tó mú olè.

"Màmá, ta ló bá yín kọ orúkọ yìí?"

"Èmi ò sí níbẹ̀, Àǹtí. Ọsibítù ni mo wà."

"Ṣé ẹ fẹ́ sọ pé ẹ ò mọ ẹni náà ni?"

Màmá fa ìborùn wọn borí dáadáa. "Mo mọ̀ ọ́n," ni wọ́n wí. "Mi ò kàn ní í sọ ni."

Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀. Mo ń sọ ọ́ gbangba báyìí nítorí ó ti pẹ́. Ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni oṣù mẹ́fà tí wọ́n fi ń dán mi wò máa pé, tí wọ́n máa fún mi ní lẹ́tà pé mo ti di òṣìṣẹ́ wọn tọwọ́tẹsẹ̀. Mo ti sọ fún ìyá mi. Mo ti sọ fún onílé mi. Mo ń wo orí bàtà mi, mo ń ka ihò okùn rẹ̀, gbogbo ara mi ń sọ pé kí n dìde, ìjókòó kò sì fi mí sílẹ̀. Ọ̀gá wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí Màmá bọ́ sí Ẹ̀pẹ́ láti ọjọ́ Ajé.

Màmá kò bẹ̀bẹ̀. Ohun tí wọ́n kàn bi í ni pé, "Ọ̀gá, ta ni yóò máa wẹ ọkọ mi?" Ọ̀gá ní ilé iṣẹ́ lòun dá sílẹ̀, òun kò dá ọsibítù sílẹ̀.

Nítorí pé kò sí ẹlòmíràn tó mọ ìwé í tẹ̀, Màmá ni wọ́n ní kí wọ́n tẹ lẹ́tà tó ń lé wọn lọ sí Ẹ̀pẹ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì, lórí taipuráítà kan náà, wọ́n tẹ lẹ́tà tiwọn tán, wọ́n ki bébà tuntun bọ̀ ọ́, wọ́n sì tẹ tèmi. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n gbé e wá bá mi lórí tábìlì. "Kú oríire, ọmọ mi," ni wọ́n wí. N kò lè wò wọ́n lójú.

Ìgbà tí lẹ́tà yẹn wọ àpò mi ni mo tó lọ jẹ́wọ́. Ẹ má rò pé akíkanjú ni mí. Mo kọ́kọ́ jáde, mo rìn dé Gáréèjì, mo padà, mo tún jáde. Mo ra àgbàdo sísun kan, mo mú un lọ́wọ́ títí ó fi tutù. Lẹ́yìn náà ni mo wọlé tọ Ọ̀gá lọ, mo sì sọ fún un pé èmi ni.

Ó wò mí, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní òun ti mọ̀ pé mo gbọ́n. Ó ké sí àbúrò rẹ̀, ó ní kó mú báírò pupa àti rúlà wá. "Gbogbo ọgbọ́n wọn lo mọ̀," ó ní. "Láti ọjọ́ Ajé, ìwọ ni kó o máa fa ìlà náà."

"Màmá Taipíìsì ńkọ́, sà?"

"Lẹ́tà ti jáde."

Ó sọ ọ́ bí ìgbà tí ènìyàn bá ń sọ pé òjò ti rọ̀. Mo gba báírò náà. Mo tún kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ ṣé, sà." Títí dòní, bí mo bá rántí orókún mi lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ yẹn, ara mi á bù máṣọ.

Ọjọ́ Ajé náà ni Bùọ̀dá Sáféyọ̀ padà dé. Ó gbé ẹja yíyan wá láti Ẹ̀pẹ́, ó ń pín in láti tábìlì dé tábìlì, ó ń kọrin. Èmi náà jẹ nínú ẹja yẹn. Ó sì dùn.

Bí mo ṣe di ẹni tó ń fa ìlà nìyẹn. Kò pẹ́ tí mo fi rí i pé bí mo bá wọlé, ọ̀rọ̀ ń dá mọ́ àwọn ènìyàn lẹ́nu. Èmi ni ilẹ̀kùn tó ń dún. Ẹnikẹ́ni kò tún kọ orúkọ fún ẹnikẹ́ni mọ́. Akọ̀wé kan sáré wọlé lọ́jọ́ kan nígbà tí rúlà mi ti wà lórí ìwé, òógùn bò ó, ó ní, "Jọ̀ọ́, sístà mi," mo sì fa ìlà náà lójú rẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé iṣẹ́ ni mò ń ṣe. N kò lè jókòó kí n dákẹ́ nígbà yẹn. Màá to fáìlì, màá tú u, màá tún un tò. Lójú ọ̀nà ilé, màá sọ̀kalẹ̀ kí ọkọ̀ tó dé Agric, màá fẹsẹ̀ rin èyí tó kù, kì í ṣe pé mo ń ṣọ́ owó ná, ìjókòó ló ń ni mí lára.

Láti ojú fèrèsé, mo máa ń rí Màmá láràárọ̀ tí wọ́n ń wọkọ̀ Ẹ̀pẹ́. Nǹkan bí aago méje ni, nítorí náà wọ́n ti gbọ́dọ̀ fi ilé sílẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa. Fílásìkì kan máa ń wà lọ́wọ́ wọn. Àwọn tó ń pe èrò á máa kígbe pé ó ku ẹnì kan, wọ́n á wọlé jókòó, ọkọ̀ náà á tún dúró fún ìdajì wákàtí. Èmi á fara pamọ́ sẹ́yìn kọ́tìnì. Ààwẹ̀ Ràmàdáánì dé, ó bá wọn lójú ọ̀nà Ìtòìkín, ó sì parí. Lọ́jọ́ kan, wọ́n gbójú sókè sí fèrèsé wa, wọ́n juwọ́. N kò mọ̀ bóyá wọ́n rí mi. Mo fò sẹ́yìn bí ẹni tí omi gbígbóná ta sí.

Nínú oṣù kejìlá, lọ́jọ́ Àbámẹ́ta kan, ara mi kò gbà á mọ́, mo ra búrẹ́dì àti mílíìkì, mo lọ sílé wọn. Màmá kò sí nílé, torí Ẹ̀pẹ́ ń ṣiṣẹ́ ní Àbámẹ́ta. Bàbá nìkan ni mo bá lórí àga nínú pálọ̀, irùngbọ̀n wọn ti hù jágajàga, bọ́tìnnì ẹ̀wù wọn sì ti wọ ihò tí kì í ṣe tirẹ̀. Télọ̀ ni mo ní wọ́n jẹ́ o. Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn, mo béèrè àlàáfíà. Wọ́n ní àbúrò wọn ọkùnrin tó ń lẹ táyà nítòsí ló ń wẹ̀ wọ́n báyìí, kó tó lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

"Ó ń fọ̀ mí bí ẹni ń fọ táyà," ni wọ́n wí. Apá kan ẹnu wọn rẹ́rìn-ín, apá kejì kò lè rẹ́rìn-ín. "Mo máa ń di ojú mi títí á fi ṣe tán."

Mo ní kí n máa lọ. Wọ́n dá mi dúró. "Ìwọ lọmọ tó ń bá ìyàwó mi kọ orúkọ, àbí? Ó máa ń sọ ọ̀rọ̀ ẹ fún mi. Ọlọ́run Allah á bá ọ kọ orúkọ tìẹ náà síbi tó dára."

Mo ṣe àmín. Kí ni kí n tún ṣe? Mo jáde, mo sì rìn láti ibẹ̀ dé Agric nínú oòrùn, bàtà gogoro mi ń jẹ mí lẹ́sẹ̀, n kò bọ́ ọ.

Lọ́jọ́ Ajé, mo dé ní aago méje gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi. N kò kọ orúkọ mi. Mo jókòó ti tábìlì kékeré náà, mo ń wo gbogbo wọn bí wọ́n ṣe ń dé, tí wọ́n ń buwọ́ lùwé. Nígbà tí aago lu mẹ́jọ, mo mú rúlà, mo fa ìlà pupa náà láti etí dé etí. Lẹ́yìn náà ni mo kọ orúkọ mi sábẹ́ rẹ̀. Àǹtí Ádímìn rò pé mo ṣèèṣì ni. Mo tún un ṣe lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Mo tún un ṣe lọ́jọ́rú.

Ọ̀gá pè mí. Rẹ́jísítà wà ní ṣíṣí níwájú rẹ̀.

"Ṣé orí ẹ pé ṣá?"

"Mo pẹ́ ni, sà."

"Pẹ́ bí i ti báwo? Aago méje ni wọ́n ní o máa ń dé!"

"Orúkọ mi wà lábẹ́ ìlà, sà. Lẹ́ẹ̀mẹ́ta."

Ó wo àbúrò rẹ̀, àbúrò rẹ̀ wo ìwé. Òfin ara wọn ni. Ọ̀gá fi ọwọ́ lu tábìlì, ó ní mò ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní èmi tí òun fẹ́ gbé ga, ó ní n ó jókòó sí Ẹ̀pẹ́ títí n ó fi hu ewú. Ó ní kí n lọ tẹ lẹ́tà ara mi. Ìka méjì péré ni mo fi ń tẹ̀wé, láti ọ̀sán ni mo ti wà nídìí ẹ̀ títí wọ́n fi fẹ́ ti ilẹ̀kùn. Bùọ̀dá Sáféyọ̀ wá dúró sẹ́yìn mi, ó fi ohùn jẹ́jẹ́ bá mi sọ̀rọ̀.

"Ṣé o mọ̀ pé èmi ò ní í pẹ́ láéláé, kí wọ́n má baà fi mí rọ́pò ẹ?"

"Mo mọ̀, bùọ̀dá."

Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, èmi ni ẹnì kan tó kù fún ọkọ̀ Ẹ̀pẹ́. Yàrá náà kò jìnnà sí etí ọ̀sà, òórùn ẹja sì máa ń gba ojú fèrèsé wọlé. Màmá jókòó sẹ́yìn tábìlì kan tó ní ẹsẹ̀ mẹ́ta àti búlọ́ọ̀kù kan. Mo kúnlẹ̀, mo fi lẹ́tà náà lé wọn lọ́wọ́. Wọ́n kà á. Wọ́n mú pẹ́ńsù, wọ́n sàmì síbi tí mo ti tẹ̀ ẹ́ ṣì, ọ̀kan, èkejì, ẹ̀kẹta, gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn.

"O ò mọ ìwé í tẹ̀ rárá," ni wọ́n wí.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ wọ́n. Mo ní kí wọ́n má bínú, mo ní èmi ló yẹ kí n ti wá láti oṣù kẹjọ. Wọ́n gbọ́wọ́ sókè kí n dákẹ́.

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́tàdínlógún," ni wọ́n wí. "Mo fi mẹ́wàá bínú sí ọ. Méje tó kù, ó kàn rẹ̀ mí ni."

Wọ́n kọ́ kọ́kọ́rọ́ sí mi lọ́wọ́. Wọ́n kìlọ̀ fún mi pé kí n má fara ti tábìlì lápá ọ̀tún. Aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ kò tíì lù, ọjọ́ iṣẹ́ kò tíì bẹ̀rẹ̀ dáadáa, wọ́n gbé báàgì àti fílásìkì wọn, wọ́n ní bí àwọn bá rí ọkọ̀ báyìí, àwọn á gbé omi kaná fún Bàbá kí ọ̀sán tó pọ́n. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà wò wọ́n títí wọ́n fi yà. Wọn kò wẹ̀yìn. Ọjọ́ yẹn ni ẹsẹ̀ mi kọ́kọ́ dúró lójú kan.

Kò sí ẹni tó wá gbà mí; mo gbọ́ pé àwọn tó kù ti tún ń bá Màmá kọ orúkọ. Oṣù mẹ́rìnlá ni mo lò kí ilé iṣẹ́ náà tó túká, nígbà yẹn mo ti gba yàrá ní Ẹ̀pẹ́, mo sì ti fi ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá kọ́ ìwé í tẹ̀. Bàbá kú kí ọdún yẹn tó yípo. Wọ́n ránṣẹ́ sí mi, mo sáré lọ sí Ìkòròdú. Àbúrò wọn àtàwọn ọkùnrin ilé ní kí àwọn wẹ̀ wọ́n, Màmá ní rárá, àwọn ni ìyàwó, àwọn ló máa wẹ ọkọ wọn, ààfáà sì ní ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n jáde síta, ọwọ́ wọn ṣì tutù fún omi. Wọ́n rí mi níbi tí mo dúró sí lára ògiri, wọ́n wá bá mi, wọ́n fi ọwọ́ tútù yẹn di ọwọ́ mi mú.

"Mi ò pẹ́ lónìí," ni wọ́n wí.

Mo ń gbé ní Ẹ̀pẹ́ síbẹ̀. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kan tí a ti ń tẹ ìwé, tí a ti ń ṣe fọ́tókọ́pì, ọmọbìnrin méjì sì ń bá mi ṣiṣẹ́. Kò sí rẹ́jísítà níbẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ní ọmọ kékeré, ó sì máa ń pẹ́ dáadáa. N kò ní í parọ́, inú máa ń bí mi, n kì í ṣe onísùúrù, ọwọ́ mi á sì máa wá báírò láìmọ̀. Mo dá Màmá padà sílé, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àárọ̀ ọ̀sẹ̀ mẹ́tàdínlógún ni Bàbá fi di ojú wọn nítorí èmi, àwọn àárọ̀ yẹn kò sì ṣeé dá padà fún ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, bí ọmọbìnrin náà bá sáré wọlé, tó ń mí gúlegúle, tó ń wá ohun tó máa sọ, màá ní kó jókòó kó kọ́kọ́ mu omi. Lẹ́yìn náà, màá gbé ojú mi kúrò lára aago.